Àwọn Ẹyẹ Etí Ọ̀sà àti Kámẹ́rà Wa

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ fótò ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ènìyàn ni a ń yà. Ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi wà ní Èjìnrìn Róòdù. Àwọn tó ń wọlé tọ̀ wá ni ìyàwó ọ̀ṣìngín, olóyè tuntun, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún kan, ẹgbẹ́ tó dáṣọ fún Iléyá, àti àgbàlagbà tó fẹ́ kí àwọn ọmọ rí nǹkan gbé kọ́ sára ògiri nígbà tí òun kò bá sí mọ́. Àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ á jókòó, á tẹ́ agbádá dáadáa, á gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, á sì kọjú sí kámẹ́rà gan-an. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá lọ, a ó tẹ àwòrán èyí tó kù ní ẹ̀ẹ̀mejì sórí ìwé kan ṣoṣo, kí ìyá wọn lè máa rí àwọn méjèèjì pọ̀. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tó wá wo iṣẹ́ àwọn onífótò Ìjẹ̀bú-Igbó, kọ̀wé nípa irú nǹkan wọ̀nyí nínú ìwé ìròyìn African Arts ní 1978. Iṣẹ́ iyì ni, mo sì ń fi yangàn títí dòní. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo páálí nẹ́gétíífù tó kún ṣọ́ọ̀bù wa, ẹyẹ kan kò sí níbẹ̀, àfi odídẹrẹ́ tí ọlọ́lá kan bá gbé dání wá pé kí a ya òun àti ẹ̀ pọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ẹyẹ kò wọ́n lọ́dọ̀ wa rárá. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ní ojú títì nìkan kò tíì mọ̀ ọ́n. Gúúsù wa, omi ni. Láti Ẹ̀pẹ́ títí dé Ìwópin àti Màkún-Omi, ọ̀sà Lẹ́kí ló tẹ́ rẹrẹ síbẹ̀, ó fẹ̀ tó 247 kìlómítà onígun mẹ́rin, ibi tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò sì jìn tó mítà mẹ́ta. Odò Ọ̀ṣun ń tú sí i, Odò Ọ̀ni ń tú sí i, nítorí náà omi rẹ̀ kì í ṣe omi iyọ̀ bíi ti òkun. Omi tí kò jìn, tí kò sì níyọ̀, ni òṣíbàtà àti ojú oró ń fẹ́. Ibi tí òṣíbàtà bá tẹ́ sí, ìgbín omi á wà níbẹ̀, kòkòrò á wà níbẹ̀, ọmọ ẹja á wà níbẹ̀, ẹyẹ á sì mọ̀ pé oúnjẹ ti dé. Ọ̀nà omi tó so ọ̀sà yìí mọ́ Èkó ni àwọn baba wa fi ń bá ará Èkó ná ọjà Èjìnrìn. Òun náà ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ Ẹ̀pẹ́ ní 1892, kí wọ́n tó bá wa jà ní Ìmàgbọn ní oṣù Karùn-ún ọdún náà.

Ìhà Ìwópin ni ìyá mi ti wá. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi jẹ́ apẹja níbẹ̀, a kì í pè é lórúkọ, Bàbá ni gbogbo wa ń pè é. Lẹ́yìn tí ọ̀gá mi yọ̀ǹda mi, tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi, àwọn ará ibẹ̀ a máa ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá ya ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó. Kámẹ́rà Yashica olójú méjì ni mò ń lò nígbà náà, fíìmù rẹ̀ ń gba àwòrán méjìlá péré. Bí ayẹyẹ bá parí tí fíìmù bá ṣẹ́kù, màá lọ jókòó ní èbúté, màá máa wo ohun tó ń lọ lójú omi. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya ẹyẹ. Ìyàwó Bàbá rí mi lọ́jọ́ kan, ó ní, “Onífótò, ta ni yóò sanwó èyí?” Mo ní ẹyẹ ni. Ó rẹ́rìn-ín títí.

Lẹ́ǹsì Yashica kúrú fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹyẹ tó sún mọ́ ọ tó fi jẹ́ pé o rí ojú rẹ̀ kedere, tí o bá tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, á di ẹ̀kán kékeré láàárín omi. Lẹ́yìn Festac 1977 ni mo rí kámẹ́rà Pentax Spotmatic rà lọ́wọ́ olùkọ́ òyìnbó kan tó ń padà sí ìlú rẹ̀, pẹ̀lú lẹ́ǹsì gígùn, 400 mílímítà. Owó tó yẹ kí n fi kan òrùlé ni mo kó lé e. Ìyàwó mi kò bá mi jà. Òun ló rán àpò aláwọ̀ dúdú tí mo ń gbé e sí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe lẹ́ǹsì gígùn ló fún mi ní ẹyẹ, Bàbá ni. Ó ti rí i bí mo ṣe ń yọ́ rìn létí omi, tí mo ń tẹ̀ba lẹ́yìn esùsú, tí ẹyẹ gbogbo sì ń fò lọ kí n tó gbé kámẹ́rà sójú. Ó ní ẹni tó ń yọ́ rìn ni ẹyẹ ń sá fún, nítorí ọdẹ nìkan ló ń yọ́ rìn. Ẹni tó jókòó nínú ọkọ̀, tó ń da àwọ̀n, tó ń bá ìyàwó ẹ̀ sọ̀rọ̀ sókè, ẹyẹ ti ń rí i láti ìgbà tí ìyá wọn ti pa wọ́n lọ́mọ, kò sì ṣe wọ́n ní ibi kan rí. Láti ọjọ́ náà, inú ọkọ̀ Bàbá ni mo ti ń ya ẹyẹ.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni mo kà nípa àwọn ọmọ ìyá méjì kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Richard àti Cherry Kearton. Ọdún 1892 tí ogun Ìmàgbọn jà yìí kan náà ni wọ́n ya fótò ìtẹ́ ẹyẹ pẹ̀lú ẹyin nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n kà sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n fi awọ màlúù ṣe màlúù kan tí inú rẹ̀ ṣófo, wọ́n gbé e sínú pápá, ẹni tó fẹ́ ya fótò á kó sínú rẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà. Nígbà tí mo kà á, mo rántí lékeléke tó máa ń dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ màlúù àwọn Fúlàní láìbìkítà. Ọkọ̀ Bàbá ni màlúù tiwa.

Iṣẹ́ inú ọkọ̀ ní ìṣòro tirẹ̀. Ọkọ̀ kì í dúró jẹ́ẹ́, nítorí náà irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kò wúlò níbẹ̀. Àwọ̀n tí Bàbá ká jọ ni mo ń gbé lẹ́ǹsì lé. Mo ń fi kámẹ́rà sí ìdá kan nínú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ìṣẹ́jú àáyá, kí mímì ọkọ̀ má bàa ba àwòrán jẹ́. Bàbá kì í fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ bí a bá ti sún mọ́ wọn. Á fi ọ̀pá gún ẹrẹ̀ ní òkè afẹ́fẹ́, á jẹ́ kí atẹ́gùn fúnra rẹ̀ máa gbé wa lọ díẹ̀díẹ̀, oòrùn á sì wà lẹ́yìn wa. Kí agogo méje tó lù la ti gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Oòrùn ilẹ̀ wa kì í rọra gòkè, tó bá fi máa di agogo mẹ́sàn-án, ìmọ́lẹ̀ ti le, òjìji ti dúdú kirikiri, ohun tí o bá yà kò ní adùn mọ́. Nígbà ọyẹ́ nìkan ni a lè pẹ́ díẹ̀ sí i, nítorí eruku ọyẹ́ ń dín oòrùn kù, ṣùgbọ́n ó ń sọ ohun gbogbo di aláwọ̀ eérú.

Ẹyẹ funfun ló ń dán onífótò wò. Kó o gbé mítà tí a fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ sí odindi ibi tí lékeléke dúró sí, omi dúdú tó yí i ká ni mítà máa rí, á ní kí o jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí i. Lékeléke á wá di aṣọ funfun kan tí kò ní ìyẹ́. Àtẹ́lẹwọ́ mi ni mo máa ń gbé mítà lé nínú oòrùn kan náà, màá wá tẹ̀ lé ohun tó bá sọ. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn títí tí mo fi fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹyẹ apẹja aláwọ̀ dúdú àti funfun rọrùn ní tirẹ̀ fún ẹni tó bá ní sùúrù: ó máa ń dúró sójú kan lókè omi, á máa lu apá kíákíá, á dorí kodò, á wá já lulẹ̀ lójijì. Ojú kan náà ló máa ń padà sí. Ojú yẹn ni kí o gbé lẹ́ǹsì sí, kí o sì dúró dè é.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn ni ẹyẹ kékeré kan tí ara rẹ̀ pupa rúsúrúsú, tí iwájú ọrùn rẹ̀ funfun, tí iwájú orí rẹ̀ sì ní àwọ̀ sánmà. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn púpọ̀, òun ló fi ń rìn lórí ewé òṣíbàtà láìrì. Jacana ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ẹyẹ ń pè é. Abo rẹ̀ á yé ẹyin fún akọ kan, á fi wọ́n sílẹ̀ fún un, á tún lọ bá akọ mìíràn. Akọ ló ń sàba, akọ náà ló ń tọ́ ọmọ. Bàbá ti mọ èyí kí ìwé kankan tó sọ fún mi. Ó ní òun ti ń wo akọ kan láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, òun kò rí obìnrin nílé ẹ̀. Bí ewu bá dé, akọ yìí á lóṣòó, á kó àwọn ọmọ rẹ̀ sábẹ́ ìyẹ́ apá méjèèjì, á gbéra ńlẹ̀, á máa bá tirẹ̀ lọ. Mo ya èyí ní òwúrọ̀ kan ní àsìkò Agẹmọ, nígbà tí omi ti kún. Nínú àwòrán náà, ẹsẹ̀ bàbá wọn dúró ṣinṣin lórí ewé, ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ mìíràn sì ń rọ̀ dirodiro lábẹ́ apá rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì.

Mo gbé e kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní Òkè-Àjẹ́ wọlé wá gba fótò pásípọ́ọ̀tù, ó rí i, ó ní èèmọ̀ rèé, ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀. Mo fi àwòrán tó tẹ̀ lé e hàn án, níbi tí àwọn ọmọ ti jáde síta tí wọ́n ń jẹ̀ káàkiri lórí òṣíbàtà. Ó wò ó títí. Ó ní, “Ẹ bá mi tẹ ọ̀kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ ńlá. Mo fẹ́ gbé e kọ́ síbi tí bàbá àwọn ọmọ mi máa ń jókòó sí.” Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó sanwó fún fótò ẹyẹ lọ́wọ́ mi.

Àwọn tó ń fi fóònù ya fótò lónìí kò lè mọ ohun tí ojú wa rí nínú yàrá òkùnkùn. Oògùn tí a fi ń fọ fíìmù, 20 dígírì ni olóyìnbó kọ sára páálí rẹ̀. Omi kànga Ìjẹ̀bú-Òde ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, àfi kí a ra yìnyín, kí a gbé agolo oògùn sínú rẹ̀. Tó bá gbóná jù, àwòrán á ní hóró bí iyanrìn, gbogbo ìyẹ́ wẹ́wẹ́ ara ẹyẹ á sì parẹ́. Ọ̀rinrin etí ọ̀sà náà ń hu èèhù sínú lẹ́ǹsì. Mo kan kọ́bọ́ọ̀dù kan, mo so gílóòbù iná kékeré sínú rẹ̀ kó máa jó tọ̀sán-tòru. Bí kò bá sí iná, inú agolo ìrẹsì gbígbẹ ni lẹ́ǹsì ń sùn.

Ìwé ni mo fi mọ orúkọ àwọn tí Bàbá kò mọ̀. J. H. Elgood, tó jẹ́ olùkọ́ nípa ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn, kọ ìwé kékeré kan jáde ní 1960 nípa ẹyẹ ìgboro àti ọgbà ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Òun náà ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ẹ̀gà kan fún àwọn onímọ̀ ní 1958, èyí tí wọ́n fi orúkọ Ìbàdàn sọ, tí kò sì sí níbòmíràn láyé ju ìhà ilẹ̀ wa yìí lọ. Ẹyẹ omi kò pọ̀ nínú ìwé kékeré náà, ṣùgbọ́n ó kọ́ mi bí a ti ń wo ẹnu, ẹsẹ̀ àti ìrù kí a tó sọ pé irú báyìí ni. Lẹ́yìn fótò ẹyẹ kọ̀ọ̀kan tí mo bá tẹ̀, mo ń kọ ọjọ́, ibi, àti bí omi ti rí sí i.

Bí mo ṣe ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo wá rí i pé ẹyẹ etí ọ̀sà ní onílé, ó sì ní àlejò. Apẹja dúdú-òun-funfun àti jacana, onílé ni wọ́n. Lékeléke ń dé sọ́dọ̀ wa bí òjò bá ti dá. Àwọn ọmọdé á sáré síta, á na ọmọ ìka wọn sí i pé kó fún wọn ní èékánná funfun. Bí òjò bá sì tún bẹ̀rẹ̀, ó ń padà sókè ọ̀hún lọ yé ẹyin. Àmọ́ àwọn kan ti ọ̀nà jíjìn ju bẹ́ẹ̀ lọ wá. Nígbà ẹ̀rùn tí omi bá fà, tí ẹrẹ̀ bá yọ, ẹyẹ kékeré kan tó ń mi ìdí láìsinmi máa ń wà létí ẹrẹ̀ náà. Láti Yúróòpù ló ti ń sá fún òtútù bọ̀. Àṣá ńlá kan náà ń bọ̀, tí ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì gbé ẹja láti inú omi.

Ọ̀kan nínú àṣá wọ̀nyí kú sínú àwọ̀n ọ̀rẹ́ Bàbá kan ní ọdún kan. Òrùka irin wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, nọ́ńbà àti orúkọ ìlú Stockholm sì wà lára rẹ̀. Wọ́n gbé e tọ̀ mí wá ní Ìjẹ̀bú-Òde pé bóyá ẹni tó ni ẹyẹ ń wá a. Mo ya òrùka náà súnmọ́súnmọ́, mo kọ lẹ́tà, mo fi fótò sínú ẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí Sweden. Ó pẹ́ kí èsì tó dé. Wọ́n dúpẹ́ gidigidi, wọ́n ní inú ìtẹ́ létí adágún kan ni wọ́n ti fi òrùka sí i lẹ́sẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé. Mo gbé lẹ́tà náà lọ sí Ìwópin, mo túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Ọ̀rẹ́ Bàbá yìí dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Ẹyẹ tó ti ibẹ̀ yẹn wá jẹun lọ́dọ̀ wa, ó yẹ kí a tọ́jú ibi tó ń jẹ sí.” N kò tíì gbọ́ ìwàásù tó jù ú lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ohun tó dé lẹ́yìn náà kò dùn mọ́ mi láti sọ, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ní 1984 ni ewéko omi olódòdó eléèsè àlùkò kan gba ọ̀nà Àgbádárìgì wọlé láti ìhà Benin. Láàárín ọdún díẹ̀ ó ti dé ọ̀dọ̀ wa, ó sì bo èbúté débi pé ọkọ̀ kò rí ọ̀nà gbà. Jacana rìn lórí rẹ̀ ní tirẹ̀, òótọ́ ni. Àmọ́ ibi tó bá bò pátápátá, oòrùn kì í dé ìsàlẹ̀ omi mọ́, ẹja kì í rí èémí mí, ẹyẹ apẹja á sì kó lọ. Ní 1986 ni ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tí à ń pè ní Sáàpù dé, náírà já wálẹ̀, fíìmù di ohun tí a ń fi ojú wò nínú ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀pọ̀ nínú wa padà sí pásípọ́ọ̀tù nìkan. Odídẹrẹ́ tó máa ń kọjá lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ní ìhà igbó Ọmọ, àwọn tó ń dẹ wọ́n tà kó wọn títí wọ́n fi di àwátì. Ìgbà tí gbogbo ayé tó fòfin de òwò odídẹrẹ́ inú igbó, ìpàdé CITES, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí òwò ẹranko àti ewéko igbó, tí wọ́n ṣe ní Johannesburg ní 2016 ni. Ó ti pẹ́ jù fún tiwa.

Lẹ́yìn náà ni iyanrìn. Ẹ̀rọ ń fa iyanrìn láti ìsàlẹ̀ ọ̀sà tọ̀sán-tòru, wọ́n sì ń kó o lọ dí àbàtà kí wọ́n lè kọ́lé sí i. Láti Lẹ́kí ni kíkọ́ ilé ti ń bọ̀ wá sí ìhà Ẹ̀pẹ́. Ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kí, èbúté ńlá wà níbẹ̀, ilé ìfọpo Dangote tí wọ́n ṣí ní oṣù Karùn-ún 2023 náà wà níbẹ̀. N kò sọ pé kí ènìyàn má ríṣẹ́ ṣe. Ohun tí mo ń sọ ni pé àbàtà kì í ṣe ilẹ̀ òfìfo tó ń retí iyanrìn. Òun ló ń gba omi òjò dúró, inú rẹ̀ ni ẹja ń pamọ sí. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ kan, Olóyè S. L. Edu, rí èyí kí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó rí i: òun ló dá Nigerian Conservation Foundation sílẹ̀ ní 1980, ẹgbẹ́ náà ló sì dá ọgbà Lẹ́kí tó fẹ̀ tó 78 hẹ́kítà sílẹ̀ ní 1990, níbi tí àbàtà ṣì wà láàárín ilé lónìí. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ibi olómi 11 tí Nàìjíríà forúkọ wọn sílẹ̀ lábẹ́ àdéhùn Ramsar, kò sí ọ̀kan ní ilẹ̀ Yorùbá. Èyí kò bójú mu rárá.

Bàbá ti di ẹni ilẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀ ti jẹrà. Àwọn ọ̀dọ́ ń wá sọ́dọ̀ mi báyìí pẹ̀lú kámẹ́rà tí ń ya ogún àwòrán kí o tó ṣẹ́jú. Inú mi ń dùn sí wọn gan-an. Ohun tí mo ń sọ fún wọn kò pọ̀. Ẹ bá apẹja lọ, ẹ sanwó ọkọ̀ rẹ̀, ẹ gbọ́ ohun tó bá sọ. Ẹ má gé esùsú tó bo ìtẹ́ nítorí kí àwòrán lè mọ́. Oòrùn á pa ọmọ inú rẹ̀, àṣá á sì rí i kí ẹ tó délé. Ẹ má fi ohùn ẹyẹ inú fóònù tan ìyá ẹyẹ kúrò lórí ẹyin. Fótò tí ẹ bá rí lọ́nà bẹ́ẹ̀, olè ni.

Ẹ̀yin ọmọ onífótò Ìjẹ̀bú-Òde, Ìjẹ̀bú-Igbó, Ẹ̀pẹ́ àti etí omi gbogbo, ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀rọ̀ kù sí. Páálí nẹ́gétíífù tí bàbá yín fi sílẹ̀ sí kọ̀rọ̀ yàrá, ẹ má jó o, ẹ má fún alágbàtà. Lẹ́yìn ìyàwó tó dúró ní èbúté, lẹ́yìn ọkọ̀ òkú tó ń kọjá, ẹyẹ lè wà níbẹ̀, omi tó ti di ilé lónìí lè wà níbẹ̀. Ẹ gbé wọn jáde sínú ìmọ́lẹ̀, ẹ wò wọ́n dáadáa, ẹ pe àwọn àgbà tó ṣì wà láàyè wá jókòó tì yín. Ẹ kọ ọjọ́, ẹ kọ orúkọ ibi náà, ẹ kọ orúkọ ẹyẹ náà bí àwọn ará etí omi ti ń pè é, kí ẹ sì kó wọn lọ sí yunifásítì tó bá sún mọ́ yín, kí wọ́n ya àdàkọ wọn pamọ́.